Lambaréné, Níbi tí Ẹkún àti Ẹ̀rín Ti Jọ Kọ́lé

Bí a bá ń sọ̀rọ̀ àwọn tí wọ́n fi ilé wọn sílẹ̀ lọ ṣe iṣẹ́ àánú ní ilẹ̀ òkèèrè, ohun tí a sábà máa ń gbọ́ ni iye aláìsàn tí wọ́n wò sàn àti iye ilé tí wọ́n kọ́. A kì í gbọ́ iye òru tí wọn kò fojú ba oorun. Bẹ́ẹ̀ sì ni, òrùlé tí ń jò, gbèsè tí ń pọ̀ sí i, lẹ́tà tí kò dé, àti aláìsàn tí ó kú lẹ́yìn tí a ti fi oògùn tí ó kù nínú àpótí tọ́jú rẹ̀, àwọn nǹkan wọ̀nyí ni í gbé ọkàn ẹni tí ó dá irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ sókè, tí wọ́n sì tún ń là á mọ́lẹ̀. Nítorí èyí ni mo ṣe fẹ́ mú yín lọ sí Lambaréné lọ́sẹ̀ yìí, kí ẹ rí ibi tí ọkùnrin kan ti jẹ dídùn àti kíkan iṣẹ́ náà fún nǹkan bí àádọ́ta ọdún.

Ilẹ̀ Gàbọ́ọ̀nù ni Lambaréné wà, ní ìsàlẹ̀ Kamẹrúùnù. Ẹni tí ó bá gba ojú títì láti Libreville, olú-ìlú wọn, yóò rìn ju igba kìlómítà lọ, yóò sì ré ìlà agbedeméjì ayé kọjá, ìlà tí àwọn olùkọ́ wa máa ń fi ẹfun fà sójú pátákó fún àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́. Igbó ni lọ́tùn-ún, igbó ni lósì. Nígbà tí ó bá yá, odò Ogooué yóò yọ lójijì, omi ńlá tí ó tẹ́jú tí kò sì pariwo. Odò náà pín sí méjì, ó sì gbé apá kan ìlú náà sí àárín bí erékùṣù. Kí títì tó dé, odò yìí ni títì gbogbo ènìyàn. Láti Port-Gentil létí òkun ni ọkọ̀ ti ń gòkè bọ̀ wá, tí igi gẹdú sì ń bá omi ṣàn lọ pàdé ọkọ̀ òyìnbó. Àwọn Galoa àti àwọn Fang ni wọ́n ń gbé etí omi náà. Ooru ibẹ̀ kì í ṣe ooru tí a fi ń ṣeré, ẹ̀fọn ibẹ̀ sì ju tiwa lọ.

Ní ọjọ́ 16 oṣù kẹrin ọdún 1913 ni Albert Schweitzer àti ìyàwó rẹ̀, Helene, gúnlẹ̀ síbẹ̀. Ọmọ ọdún 38 ni ọkọ. Kì í ṣe ọkùnrin tí iṣẹ́ wọ́n lọ́wọ́ rẹ̀ nílé. Ó ti gba oyè ọ̀mọ̀wé nínú ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ àti nínú ẹ̀kọ́ Bíbélì kí ó tó pé ọmọ ọdún 26, ó jẹ́ olùkọ́ ní Yunifásítì Strasbourg, ó sì tún mọ dùrù ilé ìjọsìn tẹ̀ débi pé àwọn ìlú ńlá Yúróòpù ń ránṣẹ́ pè é. Ṣùgbọ́n ó ti pinnu láti ìgbà tí ó wà ní ọmọ ọdún 21 pé bí òun bá pé ọgbọ̀n ọdún, òun yóò fi ìyókù ayé òun sin ọmọ ènìyàn. Ní 1904 ni ó ka ìwé ìròyìn ẹgbẹ́ míṣọ́nnárì Páríìsì kan, tí wọ́n ti kọ ọ́ pé òṣìṣẹ́ kò tó ní Gàbọ́ọ̀nù. Lọ́dún kejì ó di ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ padà, ó ń kọ́ iṣẹ́ dókítà pẹ̀lú àwọn ọmọ tí òun ìbá máa kọ́ ní ẹ̀kọ́. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ bá a jà, wọ́n ní orí rẹ̀ dàrú. Mo mọ àwọn tí ń ka ìwé yìí tí àwọn ẹbí wọn ti sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ sí, nígbà tí wọ́n fi iṣẹ́ ìjọba sílẹ̀ lọ dá ilé-ẹ̀kọ́ sílẹ̀ ní abúlé.

Ibi tí ọkàn rẹ̀ ti kọ́kọ́ rí ìdánwò kò sí ní Áfíríkà rárá. Ní Strasbourg àti Páríìsì ni, lẹ́nu ọ̀nà àwọn ojúlùmọ̀ rẹ̀. Ẹgbẹ́ míṣọ́nnárì kò ní owó láti gbà á, wọ́n sì tún ń fura sí ẹ̀kọ́ Bíbélì rẹ̀, nítorí náà ó ṣèlérí fún wọn pé dókítà lásán ni òun yóò jẹ́, òun kò ní wàásù, àti pé òun fúnra òun ni yóò wá owó ilé-ìwòsàn náà. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ti ojúlé dé ojúlé. Ó rí i pé ohùn ènìyàn máa ń yí padà. Ilé tí wọ́n ti ń fi ìdùnnú kí i gẹ́gẹ́ bí àlejò, bí wọ́n bá ti gbọ́ pé owó ni ó wá tọrọ, kíkí náà á tutù. Ẹ̀yin oníṣòwò tí ẹ ti lọ sin gbèsè rí mọ̀ bí ojú ènìyàn ṣe máa ń rí. Ẹni tí ó ń tọrọ fún ara rẹ̀ lè dákẹ́ kí ó padà sílé, ṣùgbọ́n ẹni tí ó ń tọrọ fún aláìsàn tí kò tíì fojú rí ní láti tún kan ilẹ̀kùn kejì. Síbẹ̀, àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Strasbourg yawọ́ gidigidi, ó sì tẹ dùrù gba owó pẹ̀lú. Ẹgbẹ́ olórin kan ní Páríìsì fún un ní dùrù pianó kan tí a fi páànù bò nínú kí ikán àti ọ̀rinrin má bàa bà á jẹ́, kí ọwọ́ rẹ̀ má bàa gbàgbé iṣẹ́. Àádọ́rin àpótí ẹrù ni wọ́n kó wọ ọkọ̀ ní Bordeaux.

Nígbà tí wọ́n dé, ilé tí a ṣèlérí fún wọn kò sí. Àwọn tí wọn ìbá kọ́ ọ ti bá iṣẹ́ gẹdú lọ, nítorí owó gẹdú ju owó míṣọ́nnárì lọ. Aláìsàn kò sì dúró de ilé. Kí wọ́n tó tú ẹrù tán ni ọkọ̀ ọlọ́pọ́n ti ń dé, àwọn mìíràn láti ibi tí ó tó igba sí ọ̀ọ́dúnrún kìlómítà. Ìta gbangba ni dókítà ti ń wò wọ́n nínú oòrùn, bí òjò àṣálẹ́ bá sì dé, gbogbo wọn á kó igbá kó àwo sá wọlé. Nígbà tí ó sú u, ó wo ilé adìyẹ kan tí a ti pa tì, ó gbá a, ó fi ẹfun kùn ún, ó gbé àpótí oògùn sínú rẹ̀. Ilé adìyẹ yìí ni ilé-ìwòsàn tí gbogbo ayé padà wá mọ̀. Láàárín oṣù mẹ́sàn-án àkọ́kọ́, aláìsàn tí ó wò sún mọ́ 2,000. Ibà ni, ẹ̀tẹ̀ ni, àrùn oorun ni, ìgbẹ́ ọ̀rìn ni, egbò ńlá tí ń jẹ ẹsẹ̀ ni, àti ìpá tí ó há, tí í fi ìrora pa ọkùnrin láàárín ọjọ́ díẹ̀.

Ìpá yìí ni ó kọ́kọ́ fún un ní ayọ̀ tí ó jinlẹ̀. Wọ́n á gbé ọkùnrin kan dé, yóò máa yí nílẹ̀, yóò máa ké. Helene, tí ó ti kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì nítorí iṣẹ́ yìí, á fún un ní oògùn tí í mú ni sùn, ọkọ á sì ṣe iṣẹ́ abẹ. Ní òru, nínú ilé tí ó ṣókùnkùn, dókítà á jókòó tì í títí yóò fi jí. Aláìsàn á wò yíká, á sọ pé òun kò mọ ìrora mọ́, ọwọ́ rẹ̀ á wá ọwọ́ dókítà kàn, kò sì ní í fẹ́ jọ̀wọ́ rẹ̀. Schweitzer kọ ọ́ sílẹ̀ pé ní irú àkókò bẹ́ẹ̀ ni òun máa ń fẹ́ kí àwọn tí wọ́n fi owó ránṣẹ́ láti òkèèrè wà níbẹ̀. Ẹ ṣàkíyèsí pé kò ronú kan ara rẹ̀ nìkan. Ẹni tí ó bá ń ná owó olówó ní ilẹ̀ àjèjì, ojú olówó kì í kúrò níwájú rẹ̀, yálà ní ọjọ́ ayọ̀ tàbí ní ọjọ́ àkáǹtì.

Ẹ̀rín náà kò wọ́n. Ẹni tí ó ń ṣe ògbufọ̀ fún un, Joseph Azoawani, jẹ́ alásè tẹ́lẹ̀, ó sì mọ ara ènìyàn gẹ́gẹ́ bí a ṣe ń gé ẹran lórí tábìlì ìdáná. Á sọ fún dókítà pé itan ọ̀tún ni ń dun ọkùnrin yìí, ṣùgbọ́n orúkọ tí àwọn alásè Faransé ń pe itan àgùntàn ni yóò fi pè é. Egungun ìhà obìnrin kan á di ẹran ìhà dídín. Àwọn aláìsàn ń pe dókítà ní Oganga, oníṣègùn ni ìtumọ̀ rẹ̀, nítorí wọn kò rí ìyàtọ̀ nínú ọkùnrin tí ń pa ènìyàn fún wákàtí kan tí ó sì tún ń jí i. Àwọn kan tún wà tí wọ́n sàn tán, tí wọ́n fẹ́ máa lọ sílé, tí wọ́n na ọwọ́ sí dókítà pé kí ó fún àwọn ní ẹ̀bùn, nítorí pé wọ́n ti di ọ̀rẹ́ rẹ̀. Inú òyìnbó kọ́kọ́ bàjẹ́ sí èyí. Lójú tèmi, kò burú tó bẹ́ẹ̀. Ta ni yóò sùn nílé ọ̀rẹ́ fún oṣù méjì tí ọ̀rẹ́ náà kò ní í di nǹkan kan fún un bí ó bá ń lọ? Ṣùgbọ́n ẹni tí ó fi ojú rí àpótí oògùn tí ń ṣófo kò lè rẹ́rìn-ín púpọ̀. Nítorí náà ni ó ṣe ń bẹ gbogbo ẹni tí ó bá lágbára pé kí wọ́n mú ọ̀gẹ̀dẹ̀, ẹyin, adìyẹ tàbí owó díẹ̀ wá. Kì í ṣe pé ó tó, ṣùgbọ́n ó jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé ẹnì kan ni ó ń ra oògùn náà.

Ọdún kan lé díẹ̀ ni ayọ̀ yìí fi wà. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1914 ogun bẹ́ sílẹ̀. Ìlú Alsace tí wọ́n ti bí Schweitzer wà lábẹ́ Jámánì nígbà náà, Gàbọ́ọ̀nù sì wà lábẹ́ Faransé, bẹ́ẹ̀ ni dókítà ṣe di ọ̀tá láàárín òru kan. Wọ́n fi ṣọ́jà tì í sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ní kò gbọdọ̀ fi ọwọ́ kan aláìsàn. Lẹ́yìn bí oṣù mẹ́ta wọ́n dá iṣẹ́ padà fún un, ṣùgbọ́n owó kò wá láti Yúróòpù mọ́ bíi ti tẹ́lẹ̀. Joseph kọ̀wé sílẹ̀ nígbà tí owó oṣù rẹ̀ já láti 70 faranki sí 35. Ó ní ipò òun kò gba irú owó bẹ́ẹ̀. Ní 1916, ẹṣin àwọn ọmọ-ogun kọlu ìyá Schweitzer lójú ọ̀nà nítòsí abúlé wọn, ó sì kú, ọmọ rẹ̀ sì wà ní ẹ̀gbẹ́ Ogooué tí kò lè sin òkú ìyá rẹ̀. Nígbà tí ó di 1917 wọ́n kó tọkọtaya náà lọ sí Faransé bí ẹlẹ́wọ̀n ogun. Ìgbẹ́ ọ̀rìn mú un nínú ìrìn náà. Nígbà tí a tú wọn sílẹ̀ ní 1918, ó wá délé láìní ìlera, ó jẹ ẹgbẹ́ míṣọ́nnárì Páríìsì àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní gbèsè tí wọ́n fi gbọ́ bùkátà ilé-ìwòsàn nígbà ogun, ilé-ìwòsàn náà sì wà ní igbó tí ẹnikẹ́ni kò tọ́jú. Ó rò pé gbogbo ènìyàn ti gbàgbé òun.

Ibi tí mo fẹ́ràn jù nínú ìtàn yìí ni ohun tí ó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà, nítorí pé kò ní iṣẹ́ ìyanu kankan nínú. Lẹ́tà kan ni. Bíṣọ́ọ̀bù Àgbà ilẹ̀ Súwídìn, Nathan Söderblom, kọ̀wé pé kí ó wá sọ àsọyé ní Yunifásítì Uppsala. Ó lọ ní 1920. Lọ́jọ́ kan ó ṣí ọ̀rọ̀ gbèsè náà payá fún Bíṣọ́ọ̀bù, èyí tí ìtìjú kò jẹ́ kí ó sọ fún ọ̀pọ̀ ènìyàn. Bíṣọ́ọ̀bù gbà á nímọ̀ràn pé kí ó máa ti ìlú dé ìlú ní Súwídìn, kí ó máa tẹ dùrù, kí ó sì máa sọ ìtàn Lambaréné. Láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀ ó ti rí owó tí ó tó san èyí tí ó pọ̀ jù nínú gbèsè náà. Ọkùnrin tí ó dé Súwídìn bí ẹni tí a gbé dìde lórí àìsàn fi ibẹ̀ sílẹ̀ pẹ̀lú ìpinnu láti padà sí Áfíríkà. Ìwé tí ó kọ nípa ọdún àkọ́kọ́ rẹ̀ ní igbó tà káàkiri, àwọn ará ibi tí kò mọ̀ rí sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi owó ránṣẹ́. Lẹ́tà wọn pọ̀ débi pé, nígbà tí ó ń padà lọ ní 1924, ó di àwọn tí kò tíì dáhùn sínú àpò ńlá, ó fẹ́ máa dáhùn wọn nínú ọkọ̀. Àwọn oníbodè Bordeaux kò gbà pé lẹ́tà lásán ni ènìyàn lè kó sínú àpò bẹ́ẹ̀, wọ́n tú u wò bóyá ó fi owó pamọ́ sínú rẹ̀.

Láìsí ìyàwó rẹ̀ ni ó sì ń lọ. Àìsàn kò jẹ́ kí Helene lè gbé ilẹ̀ olóoru mọ́, ọmọ wọn kan ṣoṣo, Rhena, sì ṣẹ̀ṣẹ̀ pé ọmọ ọdún márùn-ún ni. Obìnrin tí ó kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, tí ó mú ọwọ́ ọkọ rẹ̀ dúró ní tábìlì iṣẹ́ abẹ, ni ó wá jókòó sí Yúróòpù pẹ̀lú ọmọ, tí ó ń retí lẹ́tà. Bí a bá ń ka iye ohun tí irú iṣẹ́ àánú báyìí ń náni, mo bẹ̀ yín, kí a ka ti Helene mọ́ ọn. Ọmọ náà dàgbà tán kí ó tó mọ bàbá rẹ̀ dáadáa.

Ní Lambaréné, koríko ti bo ọ̀nà. Òrùlé ti wó. Ilé páànù kan àti egungun ilé ọparun kan ni ó kù. Láti ọjọ́ náà ó di dókítà ní àárọ̀, agbẹ́lé ní ọ̀sán, ó ń ti abúlé dé abúlé láti bẹ̀bẹ̀ fún ewé tí wọ́n ń hun fún òrùlé. Lẹ́yìn náà ìyàn mú ní 1925, nítorí pé àwọn ọkùnrin ti pa oko tì lọ gé gẹdú, ìgbẹ́ ọ̀rìn sì wọ inú ilé-ìwòsàn pẹ̀lú rẹ̀. Ó kìlọ̀ pé kí wọ́n má ṣe mu omi odò, wọ́n ń mu ún. Ẹni tí ó wá wo egbò á gba ìgbẹ́ ọ̀rìn kú. Àwọn tí ó gba ẹ̀mí wọn là kò fẹ́ bá a gbé òkú. Ní oṣù karùn-ún ọdún kan náà bàbá rẹ̀ kú nílé. Lọ́jọ́ kan ọ̀rọ̀ náà kọjá agbára rẹ̀, ó bú ara rẹ̀ pé kí ni òun tilẹ̀ wá ṣe. Joseph, tí ó ti padà sẹ́nu iṣẹ́, ni ó tù ú nínú, ó ní ìṣirò ti ọ̀run kì í ṣe bákan náà pẹ̀lú ti ayé.

Àárín ìyàn àti àìsàn yìí gan-an ni ó ti pinnu pé òun yóò ṣí ilé-ìwòsàn náà kúrò, yóò gbé e lọ sí ilẹ̀ tí ó gbòòrò ní nǹkan bí kìlómítà mẹ́ta sí òkè odò, kí òun lè gbin oko, kí òun sì lè ya àwọn tí àrùn wọn ń ràn sọ́tọ̀. Ẹni tí kò rí oúnjẹ fún aláìsàn tí ó wà ńlẹ̀ ni ó ń wọn ilẹ̀ tuntun! Ẹni tí ó bá rọrùn fún kí ó ṣàlàyé rẹ̀. Ó lo ọdún kan àti ààbọ̀ láàárín àwọn tí ń gé igbó, ó ń ṣọ́ wọn, ó ń bá wọn jà, ó ń bá wọn gbé pákó. Ní oṣù kìíní ọdún 1927 wọ́n fi ọkọ̀ kó àwọn aláìsàn lọ. Ní alẹ́ ọjọ́ àkọ́kọ́ yẹn, bí ó ti ń kọjá láti ilé kan dé èkejì, láti ibi iná kan dé òmíràn, ni wọ́n ń ké sí i láti inú ẹ̀fọn tí wọ́n ta pé ilé yìí dára. Ó kọ ọ́ pé ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí àwọn aláìsàn òun rí ibùgbé tí ó yẹ ọmọ ènìyàn.

Èyí tí ó kù rọrùn láti sọ, àwọn ìwé ìròyìn ayé sì ti sọ ọ́ tó. Nígbà ogun kejì, tí àwọn Faransé ń bá ara wọn jà ní Lambaréné ní 1940, ìhà méjèèjì gbà pé àwọn kò ní ju àdó olóró sí ilé-ìwòsàn náà. Wọ́n fún un ní ẹ̀bùn Nobel fún àlàáfíà ti ọdún 1952, ó sì fi owó náà kọ́ abúlé fún àwọn adẹ́tẹ̀. Òkìkí dé, àlejò dé, ayàwòrán dé.

Ìbéèrè sì dé pẹ̀lú. Àwọn tí wọ́n wá rí i ní ọdún 1950 sí 1965 rí ewúrẹ́ àti adìyẹ láàárín ilé, wọ́n rí i pé yàrá iṣẹ́ abẹ nìkan ni iná mànàmáná wà. Ìyẹn kọ́ ni ó dùn mí jù. Ó fẹ́ kí ilé-ìwòsàn náà dà bí abúlé, kí ìyá lè dáná fún ọmọ rẹ̀ tí ń ṣàìsàn, kò sì sí ẹnikẹ́ni nínú wa tí kò tíì gbé agolo oúnjẹ lọ sí ilé-ìwòsàn rí. Ohun tí ó wúwo ni pé ó ka ọmọ Áfíríkà sí arákùnrin, ṣùgbọ́n àbúrò ni. Chinua Achebe ti ilẹ̀ wa bá a wí gidigidi lórí èyí nínú àsọyé kan ní Amẹ́ríkà ní 1975. Kò sí èèwọ̀ nínú kí a pe ènìyàn ní àbúrò láàárín àwa Yorùbá, ṣùgbọ́n àbúrò ń dàgbà, ó ń gbéyàwó, ó ń gba kọ́kọ́rọ́ ilé lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n. Ní Lambaréné, títí dé ọdún 1965 tí dókítà kú, ará Yúróòpù ni ó pọ̀ jù nínú àwọn dókítà àti olórí nọ́ọ̀sì, àwọn ọmọ Gàbọ́ọ̀nù sì jẹ́ olùrànlọ́wọ́, bẹ́ẹ̀ ilẹ̀ náà ti gba òmìnira láti 1960. Ẹni tí ó ti jìyà nítorí nǹkan tó bẹ́ẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ kì í fẹ́ tú kúrò lára rẹ̀. Mo lóye rẹ̀, ṣùgbọ́n n kò gbè é.

Ọjọ́ 4 oṣù kẹsàn-án ọdún 1965 ni ó kú, ó ti pé ọmọ ọdún 90. Etí odò ni wọ́n sin ín sí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ eérú Helene tí ó ti ṣáájú rẹ̀ kú ní 1957, àgbélébùú tí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe sì wà lórí sàréè náà. Rhena, ọmọ tí kò mọ bàbá rẹ̀ ní kékeré, ni ó wá di alábòójútó ibẹ̀ títí di 1970. Lẹ́yìn náà owó tún wọ́n, ó kù díẹ̀ kí wọ́n ti ilẹ̀kùn pa. Ní 1974 ni wọ́n dá àjọ kan sílẹ̀ tí ó gba ilé-ìwòsàn náà mú, ìjọba Gàbọ́ọ̀nù sì ń fi owó sí i. Ní 1981 wọ́n ṣí ilé-ìwòsàn tuntun lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti àtijọ́.

Àlejò tí ó bá dé ibẹ̀ lónìí yóò rí àwọn ilé onípákó gígùn tí a fi páànù bò, tí a ti sọ di ibi ìrántí. Ní ẹ̀gbẹ́ wọn ni ilé-ìwòsàn tí ń ṣiṣẹ́ wà. Láti ọdún 1981 kan náà ni wọ́n ti ń ṣe ìwádìí àìsàn níbẹ̀, iṣẹ́ tí àwọn onímọ̀ ọmọ Gàbọ́ọ̀nù wà lára àwọn tí ń ṣe é. Lambaréné wà lára ibi mọ́kànlá ní Áfíríkà tí wọ́n ti dán abẹ́rẹ́ àjẹsára ibà tí a ń pè ní RTS,S wò fún àwọn ọmọdé, èyí tí Àjọ Ìlera Àgbáyé fọwọ́ sí ní oṣù kẹwàá ọdún 2021. Ilé adìyẹ ọjọ́ kìíní kò jìnnà sí ibẹ̀, nǹkan bí kìlómítà mẹ́ta ni, ní ìsàlẹ̀ odò.